Bí bàbá bá ti san owó sukúù, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọmọ ti parí nìyẹn?

Ìbéèrè òǹkàwé kan:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, àkọ́bí wà ní Páráímárì 5. Ìkòròdú là ń gbé, Victoria Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù ni mo ti ń jáde nílé, àwọn ọmọ á sì ti sùn kí n tó dé. Èmi ni mò ń san owó sukúù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó bọ́ọ̀sì, owó ìwé, owó lẹ́sìn. Ní táàmù tó kọjá, èsì ìdánwò àkọ́bí já wálẹ̀ gidi, pàápàá nínú ìṣirò. Ìyàwó mi ní èmi ni mo fà á, pé mi ò bá òun pín iṣẹ́ ọmọ títọ́, pé dọ́gbadọ́gba ló yẹ ká jọ máa ṣe é. Òun náà ń tajà, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sílé. Kí ló tún kù tí mi ò ṣe? Ṣé ọkùnrin ló yẹ kó máa jókòó ti ọmọ lórí iṣẹ́ àmúrelé ni?

* * *

Ẹ má bínú o, bàbá ọmọ, ìbéèrè ni mo fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yín. Kí lorúkọ tíṣà kíláàsì ọmọ yín? Ibo gan-an ló ti ń kọsẹ̀ nínú ìṣirò: ṣé ìdá ni, ṣé ìsọdipúpọ̀ ni, àbí ìṣirò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀? Tíṣà lẹ́sìn tí ẹ ń sanwó fún, ẹ̀ẹ̀melòó ló wá lọ́sẹ̀ tó kọjá? Bí ẹ bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jẹ́ pé ìyàwó yín ló ń ṣàṣejù. Bí ẹ ò bá lè dáhùn, ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tọ̀nà.

Mi ò fojú kéré owó tí ẹ ń san. Mo ṣe tíṣà páráímárì n'Ìbàdàn fún ọdún pípẹ́, mo mọ bí ojú ọmọ ṣe máa ń rí tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó jẹ owó, tí wọ́n ní kó gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ sílé. Bàbá tí kò jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ ti ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni owó sukúù ń gbé ọmọ dé. Kò lè sọ fún yín pé ọmọ ò mọ ìsọdipúpọ̀ kọjá orí 5 láti ìgbà tó ti wà ní Páráímárì 3.

Ìṣirò kì í já wálẹ̀ lójijì. Ọmọ tí kò mọ ìsọdipúpọ̀ ní Páráímárì 3 á máa fi ìka ka nǹkan ní Páráímárì 4, yóò sì máa rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá dé Páráímárì 5, tí ìdá àti ìpín nínú ọgọ́rùn-ún bá dé, ìka ò ní tó mọ́. Ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ mẹ́ta àti ṣọ́ọ̀bù pọ̀, iṣẹ́ àmúrelé tí ọmọ ṣe parí ló máa rí. Ọ̀nà tí ọmọ gbà ṣe é kò ní hàn sí i. Ibẹ̀ ni ojú kejì ti wúlò.

Ohun tí mò ń pè ní dọ́gbadọ́gba kò ju èyí lọ: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ náà débi pé, bí ẹnì kejì bá ṣàìsàn tàbí tó rìnrìn àjò, ẹni tó kù á gbà á ṣe láìsí pé ó ń tẹ ẹnikẹ́ni láago láti béèrè. Wákàtí yín lè má dọ́gba. Owó yín lè má dọ́gba. Ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọmọ ló yẹ kó dọ́gba.

* * *

Àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀ ti pọ̀. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ ni pé àṣà wa ni: bàbá á wá owó, ìyá á jókòó ti ọmọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, àṣà gan-an ni mo sì fẹ́ fi ta kò ó.

Ta ló ń kọ́ ọmọ awo ní Ifá? Ọmọ tó bá ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ẹnu bàbá ló ti ń gbọ́ Èjì Ogbè, tí yóò máa wí i tẹ̀lé e lálaalẹ́ títí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí. Nílé àwọn Àyàn, bàbá ló ń fi ọwọ́ ọmọ mú kọ̀ǹgọ́, òun náà ló ń tún un ṣe bí ọmọ bá ṣì í lù. Àgbẹ̀ kì í rán ọmọkùnrin rẹ̀ sí ìyá pé kó lọ kọ́ ebè kíkọ. Ìyá aláró náà ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ìyá oníṣòwò ń mú tirẹ̀ lọ sọ́jà. Kò sí òbí tí kì í ṣe olùkọ́ nígbà náà. Ìwé ló dé tí a gbé iṣẹ́ náà fún tíṣà.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January 1955, ọ̀pọ̀ bàbá tó mú ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ ni kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Wọn ò lè kọ́ ọmọ ní ohun tí àwọn fúnra wọn ò mọ̀, wọ́n fà sẹ́yìn. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ẹ mọ̀wé. Kí lẹ wá ń sá fún?

* * *

Arákùnrin kan ní òun ò dí ìyàwó òun lọ́wọ́, kó ṣe é bó ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fìdí rẹmi, ọwọ́ ìyá lòun ti máa béèrè. Ó wá fi òwe tì í lẹ́yìn: ọmọ tó bá dáa, ti bàbá ni, èyí tí kò dáa, ti ìyá ni.

Òwe yìí ti pa ọmọ púpọ̀ lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe fún yín, torí ibi tábìlì tíṣà ni mo ti ń wò ó. Òpin táàmù dé, èsì ìdánwò jáde, ọmọ gbé ipò kọkànlélọ́gbọ̀n nínú ọmọ méjìdínlógójì. Ìyá á dúró títí àwọn òbí yòókù á fi lọ tán. Á wá sún mọ́ tíṣà: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí nọ́ńbà yìí padà, bàbá ẹ̀ á pa mí." Bí tíṣà bá kọ̀, káàdì náà á bọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, wọ́n á sì sọ fún bàbá pé sukúù ò tíì pín èsì. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, ọmọ ń wò wọ́n. Ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ńṣe la ń gbé èsì burúkú pamọ́, a kì í tún un ṣe. Tó bá di táàmù míì, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé tirẹ̀ pamọ́, ìyá gan-an ò sì ní rí i.

Mo rí ìyá tó ń fi owó ọjà tirẹ̀ san lẹ́sìn ní bòókẹ́lẹ́, kí bàbá má baà mọ̀ pé ọmọ nílò lẹ́sìn. Ẹ wo irú wàhálà yìí! Bàbá tó bá ti ń wo ìwé ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, èsì ò lè bá a lójijì. Ó ti rí ìdánwò kéékèèké, ó ti rí ibi tí tíṣà fa ìlà pupa sí. Kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́ fún un mọ́, ìjà náà á sì rọlẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè padà wá: "Mo gbọ́, Màmá. Lóòótọ́, mi ò mọ orúkọ tíṣà yẹn. Àmọ́ àkókò dà? Ẹ kúkú mọ bí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọ̀nà wa ṣe rí. Bí sukúù bá sì máa pe òbí, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Ẹ ò ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ ní ni Sátidé, Sọ́ńdè, àti wákàtí tí ẹ ń lò nínú ọkọ̀.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá gba ìṣirò pátápátá, màá fi Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn yòókù sílẹ̀ fún ìyá wọn. Mo ní pátápátá. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ "ran ìyàwó yín lọ́wọ́", torí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ ń dúró de kí wọ́n rán òun níṣẹ́ ni, ìrònú rẹ̀ á ṣì wà lórí obìnrin náà. Bí ìṣirò bá ti di tiyín, ẹ̀yin lẹ máa mọ ìgbà tí ìdánwò ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa pe tíṣà lẹ́sìn, ẹ̀yin náà lẹ máa lé e lọ bí kò bá wúlò.

Ní Sátidé yìí, ẹ gbé ìwé ìṣirò rẹ̀, ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ X léraléra, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọdún tó kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀, kí ọmọ fi fóònù ìyá rẹ̀ ya fọ́tò iṣẹ́ àmúrelé, kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ fi ohùn dá a lóhùn láti inú ọkọ̀. Ẹ má fi ìgbátí bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìgbátí ló ń tẹ̀lé ìdáhùn tí kò tọ̀nà á kàn dákẹ́ ni, ẹ ò sì ní mọ ohun tí kò yé e.

Ní ti ìpàdé ọjọ́ iṣẹ́, inú ń bí èmi náà sí i. Láti 2014 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún ọkùnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 10 bí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọdún méjìlá ni ọmọ máa lò ní páráímárì àti sẹ́kọ́ńdírì, bàbá tó sì tọrọ wákàtí méjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti lọ rí tíṣà, wọ́n á ní ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e síwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pé kí wọ́n máa ṣe ọ̀kan nínú ìpàdé wọn ní Sátidé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àga tán nínú gbọ̀ngàn, àwọn bàbá sì ń béèrè ìbéèrè tí a ò gbọ́ rí.

* * *

Ẹnì kan tó jẹ́ mẹkáníìkì kọ̀wé pé òun ò kọjá Páráímárì 6, ọmọbìnrin òun tó wà ní JSS 1 sì ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì òun rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni òun fẹ́ pín níbẹ̀?

Ẹ gbé àpótí sípánà yín wọlé. Ẹ mú àwọn tó jẹ́ inṣì: 3/8, 7/16, 1/2, 9/16. Kí ọmọ kọ́kọ́ tò wọ́n láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù lórí ìwé, láìfọwọ́ kan irin. Lẹ́yìn náà kó to irin gan-an, kó wò ó bóyá ìwé òun gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ JSS ló máa sọ pé 7/16 tóbi ju 1/2 lọ, torí wọ́n rí 7 àti 16, wọ́n rí 1 àti 2. Ọwọ́ yín mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò nílò Gẹ̀ẹ́sì kankan fún ìyẹn.

Àwọn iṣẹ́ yòókù ńkọ́? Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ lónìí fún yín ní Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan tó jọ èyí wò láti 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn lára ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọmọ bá lè fi Yorùbá sọ kó yé bàbá rẹ̀ ti yé òun fúnra rẹ̀. Tó bá wá dé ibi tó ti ń kólòlò, ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ohun tó máa lọ béèrè lọ́wọ́ tíṣà lọ́la.

* * *

Ẹlòmíì kọ̀wé pé: "Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, ẹ mú ẹ̀rí wá."

Ó dáa. Ní 1997, àjọ tó ń gba ìṣirò jọ fún ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde lórí àwọn bàbá àti sukúù ọmọ wọn: ta ló ń lọ sí ìpàdé, ta ló ń lọ rí tíṣà, ta ló ń lọ wo eré ìdárayá. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń yọjú dáadáa ló ń gba A jù, àwọn ló sì ń tún kíláàsì kà kéré jù. Wọ́n tilẹ̀ ro ti ìyá mọ́ ọn, ipa ti bàbá ṣì hàn. Amẹ́ríkà kì í ṣe Ìkòròdú, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tó ń ṣe dáadáa ló ń wu bàbá rẹ̀ láti lọ wò. Síbẹ̀ ó bá ohun tí mo rí ní kíláàsì mu.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ìwádìí kan láti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, ní 2014. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń bá wọn pín iṣẹ́ ilé kì í fi ọkàn rẹ̀ mọ sórí iṣẹ́ tí wọ́n ní ti obìnrin ni. Ẹ wo ilé tiwa. Aago méje alẹ́, àbúrò ọkùnrin ti ṣí ìwé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣì ń fọ abọ́, ó ń pọn omi, ó ń pọ́n ọmọ ìkókó sẹ́yìn. Kó tó jókòó, aago mẹ́sàn-án ti lù, oorun ti dé. WAEC ò ní fún un ní ìbéèrè tó rọrùn ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Bí bàbá bá gba abọ́ fífọ̀, tí ọmọkùnrin gba omi pípọn, ọmọbìnrin yẹn ti rí wákàtí kan gbà padà. Torí náà, mi ò lè ya iṣẹ́ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ sukúù.

* * *

Ìyá kan mẹ́nu ba ilé-kéú, ó sì gbé mi ya ọ̀nà míì díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí tí mo mọ̀, bàbá ló ń fa ọmọ lé ààfáà lọ́wọ́. Òun ló ń béèrè pé, "Ó ti dé ibo nínú Kùránì?" Ó mọ̀ bóyá ọmọ ti dé Yásíìn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe wálímọ̀, á dáṣọ, á ra ẹran, á jókòó síwájú pẹ̀lú ayọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ obìnrin ni. Bàbá kan náà ni kò mọ ohun tí ọmọ ń kà ní sukúù. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe níhìn-ín, ó kàn ku kó gbé e dé ọ̀hún ni.

* * *

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ kàn yín báyìí. Obìnrin kan kọ ọ́ síbí pé bí òun bá fi lé ọkọ òun lọ́wọ́, á bà á jẹ́ ni, pé ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ àmúrelé láìwò ó, ó tún wọ aṣọ eré ìdárayá fún ọmọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bà á jẹ́. Tíṣà á pè é, ojú á tì í díẹ̀, á mọ̀ ọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún ní sún mọ́ ọn mọ́, ẹ ó sì máa ráhùn títí ọmọ á fi jáde.

Àwọn sukúù náà ní ẹ̀bi níbẹ̀. Nọ́ńbà ìyá nìkan ni wọ́n ń pè. Ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì, ìyá ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹ ní kí wọ́n fi bàbá sí i, bí wọ́n bá sì béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má bá a dáhùn.

* * *

Sí àbúrò mi ní Manchester tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ìkan lóru, ìkan lọ́sàn-án: ìṣòro yín yàtọ̀. Ẹ ń pín in lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò ríra yín sọ ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí ẹ̀yin méjèèjì á ti máa rí i, kódà kó jẹ́ ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Ọmọ yín wà ní Year 6, ọjọ́ 31 oṣù October sì ni ọjọ́ tó kẹ́yìn láti forúkọ sílẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdírì ní England. Mo mọ tọkọtaya kan tí oníkálukú rò pé ẹnì kejì ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ìgbà tí ọjọ́ kọjá ni wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ ara wọn.

* * *

Ìkẹyìn ni ti ẹ̀yin tí ẹ ní "ta ni ká wá bá pín in?" Bàbá ọmọ ti lọ, kò san owó, kò pè.

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 tó kan gbogbo Nàìjíríà gbé e lé òbí lọ́rùn pé ọmọ gbọ́dọ̀ parí páráímárì àti JSS. Kò sọ pé ìyá nìkan. Bó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀. Wọn kì í gbowó. Wọ́n á pe bàbá náà, wọ́n á sì kọ àdéhùn owó ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ àti ìwé owó sukúù dání. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ wá ẹnì kan tó máa jẹ́ ojú kejì fún ọmọ náà: ẹ̀gbọ́n yín, bàbá àgbà, àǹtí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi nọ́ńbà onítọ̀hún sí ìwé sukúù lábẹ́ tiyín, ẹ mú un lọ rí tíṣà kíláàsì, kí wọ́n mọ̀ pé bí wọn ò bá rí yín lórí fóònù, òun ni kí wọ́n pè.